Àpò fóònù tí àwọn ọmọ ń rán: ibi tá a bá a dé

Mo béèrè níjọ́sí ìdí tí àpò fóònù táwọn ọmọ mi fọwọ́ rán fi há jù, tí etí rẹ̀ sì ń tú. Ẹ ṣé gan-an, ó ti yanjú.

Ìmọ̀ràn lórí wíwọ̀n ló ṣiṣẹ́ jù. A gbé fóònù lé bébà, a fa ìlà yí i ká, a wá fi sẹ̀ǹtímítà 1.5 kún ẹ̀gbẹ́ kọ̀ọ̀kan. Fóònù nípọn, ojú rírán náà sì ń jẹ aṣọ. Mi ò ro tìyẹn rárá tẹ́lẹ̀. Ó wọlé wẹ́rẹ́ báyìí. Aṣọ felt tá a lò, ìyẹn aṣọ tí wọ́n tẹ̀ pọ̀ láìhun ún, kì í tú létí, ìṣòro yẹn náà tán.

Abẹ́rẹ́ oníke kò fi bẹ́ẹ̀ wúlò: kì í wọ felt àfi tí mo bá ti lu ihò sílẹ̀. Bí àbúrò, ọmọ ọdún 6, ṣe rán tiẹ̀ nìyẹn. Ẹ̀gbọ́n, ọmọ ọdún 9, lo abẹ́rẹ́ irin tí ẹnu rẹ̀ ò mú, kò sì gún ara rẹ̀ rárá. Èmi ni mo gún ara mi.

Ihò bọ́tìnnì ló kù, ó ṣì ń ya. Okùn rọ́bà la fi ń há bọ́tìnnì náà fúngbà díẹ̀.