Súìṣì MOSFET fún 100A láàárín bátìrì méjì nínú ọkọ̀

Ìbéèrè: Ẹ̀yin ọ̀gá wa, ẹ kú iṣẹ́ o. Rílé (súìṣì tí iná ń tàn tó sì ń pa) tó so bátìrì ọkọ̀ mi, oní 12V, mọ́ bátìrì kejì tí ínfátà ń lò ti ń jó lójú. Ṣé MOSFET kan (súìṣì oníná tí kò ní apá tó ń rìn), tí ìdènà rẹ̀ jẹ́ 1 mΩ (mílí-ohm), lè gbé 100A?

Èsì 1: Rárá o. 100A nínú 1 mΩ yóò di ooru wọ́ọ̀tì 10, èyí tó pọ̀ jù fún ẹyọ kan tí a kàn jó mọ́ bọ́ọ̀dù. Bí ẹ bá to mẹ́rin sí ẹ̀gbẹ́ ara wọn, ooru gbogbo wọn yóò wálẹ̀ sí wọ́ọ̀tì 2.5. Nígbà tí wọ́n bá ṣí tán fún iná láti kọjá, èyí tó bá gbóná jù ni ìdènà rẹ̀ ń pọ̀ sí i, nítorí náà iná yóò yà sọ́dọ̀ àwọn yòókù.

Èsì 2: Òótọ́ ni, ṣùgbọ́n díódì (ohun tó ń jẹ́ kí iná gba ìhà kan ṣoṣo kọjá) tó wà nínú MOSFET kò ní jẹ́ kí ìlà MOSFET kan ṣoṣo dá iná dúró níhà méjèèjì. Bátìrì méjì lẹ ní, ẹ ó nílò ìlà méjì tó kọ ẹ̀yìn síra wọn. Ooru á di wọ́ọ̀tì 5, mo sì gbà pé ó tọ́ bẹ́ẹ̀. Bí ẹ bá lo N-channel (ọ̀kan nínú oríṣi MOSFET), fóltéèjì géètì (ẹsẹ̀ tó ń ṣí i) gbọ́dọ̀ ju ti bátìrì lọ ní nǹkan bí 10V.

Oníbèérè: Ẹ ṣeun. Pípa rẹ̀ ńkọ́?

Èsì 2: Ibẹ̀ ló ń pa wọ́n jù. Wáyà gígùn máa ń ta fóltéèjì sókè bí iná bá já lójijì, nítorí náà ẹ fi díódì TVS (èyí tó ń gé fóltéèjì tó bá ga jù) sẹ́gbẹ̀ẹ́ MOSFET.