Nẹ́tíwọ́ọ̀kì tó bá àgbàlá mi mu ni mo yàn: ìrírí àwa ará Abẹ́òkúta

Aládìrẹ, Ìtòkú

Ó ti lé ní ogún ọdún tí mo ti ń lo nọ́ńbà fóònù kan ṣoṣo, ṣùgbọ́n ilé-iṣẹ́ tó ń gbé ìpè rẹ̀ lónìí kì í ṣe èyí tó tà á fún mi. Mo fẹ́ sọ bí ọ̀rọ̀ náà ṣe jẹ́, nítorí mo mọ̀ pé ọ̀pọ̀ nínú wa ní Abẹ́òkúta yìí ló ń fara da nẹ́tíwọ́ọ̀kì tí kò bá ibùgbé wọn mu, tí wọ́n sì rò pé bí àwọn bá kúrò níbẹ̀, nọ́ńbà tí gbogbo ayé fi mọ àwọn ti lọ nìyẹn.

Ẹ̀yin tí ẹ ti gbọ́njú lọ́dún 2001 yóò rántí bí fóònù alágbèéká ṣe dé ọwọ́ mẹ̀kúnnù. Oṣù Kẹjọ ọdún náà ni Econet àti MTN bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Owó síìmù nìkan ju agbára ọ̀pọ̀ ọlọ́jà lọ, ìṣẹ́jú ni wọ́n sì fi ń ṣírò owó ìpè, tó bẹ́ẹ̀ tí ẹni tó kàn sọ pé “mo ti dé o” yóò san owó ìṣẹ́jú kan gbáko. Nígbà tí Glo dé ní oṣù Kẹjọ ọdún 2003 tó sì ń ṣírò owó ìpè ní ìṣẹ́jú-àáyá, àwọn yòókù náà kò pẹ́ kí wọ́n tó tẹ̀ lé e, ìgbà yẹn ni irú èmi rí àyè. Mo ra síìmù mi ní ìparí ọdún náà. Èmi kọ́ ni mo yan ilé-iṣẹ́ tí mo rà á lọ́wọ́ wọn ní ti gidi: ọ̀pá tó bá kọ́kọ́ dé àdúgbò ẹni ni nẹ́tíwọ́ọ̀kì ẹni nígbà náà. Nọ́ńbà yẹn ni mo kọ sára pátákó ìsọ̀ mi ní Ìtòkú, òun ni mo tẹ̀ sára náílọ́ọ̀nù tí mo fi ń di aṣọ fún oníbàárà, òun náà ló sì wà lọ́wọ́ àwọn tó ń rajà lọ́wọ́ mi láti Èkó, Ìbàdàn àti òkè òkun.

Wàhálà bẹ̀rẹ̀ nígbà tí mo kó ìkòkò aró mi kúrò ní Àṣẹ́rò lọ sí àgbàlá kan tó wà ní gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́, tí àpáta ńlá dúró tì lẹ́yìn. Ìlú wa kì í ṣe ilẹ̀ pẹrẹsẹ, abẹ́ òkúta ni lóòótọ́. Ìgbì rédíò tí ọ̀pá nẹ́tíwọ́ọ̀kì ń fọ́n jáde kì í la àpáta kọjá. Ilé tó wà lókè lè rí ìlà nẹ́tíwọ́ọ̀kì kún fọ́fọ́, kí ilé tó wà nísàlẹ̀ rẹ̀, tí ènìyàn lè sọ òkò láti ọ̀kan dé èkejì, má rí ẹyọ kan. Ní àgbàlá tuntun yìí, ìpè kì í wọlé. Bí ó bá sì wọlé, ohùn á máa já, á dà bí ìgbà tí ènìyàn ń sọ̀rọ̀ nínú kànga. Àtẹ̀gùn ilé aládùúgbò mi ni mo máa ń gùn kí n tó lè dá oníbàárà lóhùn, tèmi ti aró lọ́wọ́.

Mo fara dà á fún ọdún kan àti oṣù díẹ̀. Ohun tó já mi ní ìfun ni ti obìnrin kan láti Ìbàdàn tó fẹ́ ra àdìrẹ ẹlẹ́kọ fún aṣọ ẹbí ìgbéyàwó ọmọ rẹ̀, ogójì ènìyàn. Ó ti wá wo aṣọ náà nísọ̀, a sì ti jọ dúnàádúrà. Ọjọ́ méjì gbáko ló fi ń pè mí kó lè san owó àsansílẹ̀ ọjà náà, ìpè rẹ̀ kò sì wọlé rárá. Lọ́jọ́ kẹta tí mo jáde sí títì, àtẹ̀jíṣẹ́ rẹ̀ ya dé lẹ́ẹ̀kan náà, márùn-ún, èyí tó kẹ́yìn sì ni: “Ìyá aládìrẹ, ẹ má bínú, a ti rà á níbòmíràn.” Mo jókòó sórí àpótí, n kò lè bá àwọn ọmọ iṣẹ́ mi sọ̀rọ̀ fún ìgbà pípẹ́. Aṣọ oṣù méjì ló lọ yẹn.

Mo pe 300, nọ́ńbà oníbàárà ti ilé-iṣẹ́ náà. Ọmọ tó gbé e sọ pé kí n pa fóònù mi kí n sì tún un tàn. Mo pè lẹ́ẹ̀kejì, wọ́n ní àwọn yóò rán ẹlẹ́rọ. Mo pè lẹ́ẹ̀kẹta, ẹni tó gbé e kò rí àkọsílẹ̀ kankan pé mo ti pè rí. Ibẹ̀ ni mo ti mọ̀ pé bí nẹ́tíwọ́ọ̀kì kò dára, ènìyàn lè ní sùúrù, ṣùgbọ́n bí a kò bá kọ ẹ̀sùn ẹni sílẹ̀, kí ni sùúrù fẹ́ ṣe?

Mo ń bọ̀ síbi tí mo ti ṣe ohun tó wúlò. N kò sáré lọ ra síìmù tuntun. Ọmọ mi obìnrin ní síìmù ilé-iṣẹ́ kan, ọmọ iṣẹ́ mi ní ti òmíràn, aládùúgbò mi tó ni àtẹ̀gùn ní ìkẹta. Mo yá wọn fún ọ̀sẹ̀ kan, mo ń fi wọ́n sínú fóònù àtijọ́ kan tó ń gba síìmù méjì, mo sì ń kọ ohun tí mo rí sínú ìwé tí mo fi ń kọ gbèsè àwọn oníbàárà. Ibi mẹ́rin ni mo ti ń dán an wò: inú yàrá mi, ìdí ìkòkò aró, ìsọ̀ mi ní Ìtòkú, àti ẹ̀bá títì níbi tí mo ti máa ń wọ mọ́tò. Ẹ̀ẹ̀mẹ́ta lójúmọ́: àárọ̀, ọ̀sán àti aago mẹ́jọ alẹ́. Níbì kọ̀ọ̀kan, màá pe ènìyàn kan, màá ní kí ẹnìkan pè mí, màá sì fi àwòrán aṣọ kan ránṣẹ́ lórí WhatsApp, kí n wo bó ṣe pẹ́ tó kó tó lọ.

Ohun tí mo rí yà mí lẹ́nu. Nẹ́tíwọ́ọ̀kì tí gbogbo àdúgbò ń yìn, tí wọ́n ní dátà rẹ̀ pọ̀, tí wọ́n sì ń fún ènìyàn ní ẹ̀bùn lórí káàdì, dára gan-an lẹ́bàá títì àti nísọ̀, ṣùgbọ́n ní ìdí ìkòkò aró òkú ni. Èyí tí ọmọ iṣẹ́ mi ń lò, tí n kò gbọ́ kí ẹnikẹ́ni yìn, ni ìpè rẹ̀ wọlé níbi mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, nítorí pé ọ̀pá rẹ̀ wà ní apá kejì àfonífojì náà, ó dojú kọ àgbàlá mi, àpáta kò sì dí i. Ní alẹ́, dátà rẹ̀ máa ń falẹ̀ díẹ̀. Mo kọ ìyẹn náà sílẹ̀. Iṣẹ́ ọwọ́ mi ni mo fi wọ̀n ọ́n: ìpè ni oníbàárà fi ń rí mi, àwòrán sì lè pẹ́ díẹ̀ kó má bà mí lọ́jà jẹ́.

Láti ọdún 2013 ni àjọ NCC, tó ń ṣàkóso àwọn ilé-iṣẹ́ fóònù ní Nàìjíríà, ti fàyè gbà á kí ènìyàn gbé nọ́ńbà rẹ̀ kúrò ní ilé-iṣẹ́ kan lọ sí òmíràn. Mo lọ sí ọ́fíìsì ilé-iṣẹ́ tuntun náà, wọ́n fún mi ní síìmù, wọ́n ní kí n kọ PORT ránṣẹ́ sí 3232 láti orí síìmù àtijọ́. Kó tó di ọjọ́ kejì, síìmù àtijọ́ kú, tuntun sì gba nọ́ńbà mi. Òǹkà kan kò yí padà lára pátákó mi.

Ó ti pé ọdún mélòó kan báyìí, mo sì lè sọ tọkàntọkàn pé ó tẹ́ mi lọ́rùn. Kì í ṣe pé n kò ní ẹ̀sùn. Ní ọdún tó kọjá, wọ́n yọ owó mi fún orin kan tí n kò béèrè. Mo pè wọ́n, wọ́n kọ ẹ̀sùn mi sílẹ̀, wọ́n fi nọ́ńbà ẹ̀sùn náà ránṣẹ́ sí mi, owó mi sì padà kí ilẹ̀ ọjọ́ kejì tó ṣú. Èyí gan-an ló so mí mọ́ wọn ju ìlà nẹ́tíwọ́ọ̀kì lọ. Ẹ jọ̀ọ́, kí ni ìrírí tiyín?

Oní-POS, Láfẹ́nwá

Ẹ ṣeun, Màmá. Ọ̀nà tèmi yàtọ̀ díẹ̀, nítorí n kò kúrò níbì kankan rí. Síìmù méjì, ilé-iṣẹ́ méjì, ni mo ń lò, ẹ̀rọ POS mi sì ní tirẹ̀ nínú. Ohun tí ọjà Láfẹ́nwá kọ́ mi ni pé ìlà nẹ́tíwọ́ọ̀kì lè kún kí dátà má lọ. Ọ̀pá kan ni gbogbo wa jọ ń pín. Nígbà tí ọjà bá kún, tí ẹgbẹẹgbẹ̀rún fóònù gbára lé ọ̀pá kan náà, ńṣe ló dà bí ẹnu ẹ̀rọ omi kan tí gbogbo àdúgbò gbé korobá sí: omi wà, ṣùgbọ́n títò ni ẹ ó tò. Ìgbà yẹn ni owó máa ń kúrò ní àpò oníbàárà, tí ẹ̀rọ mi á sì sọ pé kò ṣe é ṣe. Ẹ wo irú ariwo tó máa ń tẹ̀ lé e. Bàbá kan di aṣọ mi mú nítorí ẹgbẹ̀rún márùn-ún náírà, ó sì tọ́ kó bínú, nítorí òun kò rí owó lójú.

Ìdí nìyí tí mo fi gbà pé kí ènìyàn dán nẹ́tíwọ́ọ̀kì wò nígbà tí èrò bá pọ̀ jù lọ, kì í ṣe ní aago mẹ́fà àárọ̀ tí gbogbo rẹ̀ dákẹ́. Ọjọ́ mẹ́ta ni mo fi dán síìmù kejì wò láàárín aago méjìlá sí mẹ́ta ọ̀sán kí n tó fi sínú ẹ̀rọ. Ohun kan tún wà tí Màmá kò mẹ́nu bà: ẹ kọ́kọ́ wo fóònù yín fúnra rẹ̀. Ẹ̀gbọ́n mi kan ti fẹ́ pààrọ̀ nẹ́tíwọ́ọ̀kì lẹ́ẹ̀mejì, kí n tó rí i pé fóònù rẹ̀ kò lè gbà ju 3G lọ. Kò sí ilé-iṣẹ́ tó lè fún un ní 4G tó ń wá.

Òṣìṣẹ́-fẹ̀yìntì, Ìdí-Àbà

Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ ẹ̀yin méjèèjì. Ní tèmi, mi ò kúrò, n kò sì kábàámọ̀. Àgbàlagbà ni mí, ohun tí mo fẹ́ kò ju kí ohùn àwọn ọmọ mi dé etí mi, kí owó káàdì tí mo rà lówùúrọ̀ sì wà níbẹ̀ nírọ̀lẹ́. Ohùn dára nílé mi. Owó ni kì í dúró. Lójoojúmọ́ ni àtẹ̀jíṣẹ́ ìpolówó ń dé, iṣẹ́ kan tí n kò mọ̀ ń yọ náírà díẹ̀díẹ̀, mo sì ti ń múra láti gbé nọ́ńbà mi lọ kí ọmọ mi kan tó sọ fún mi pé kí n kọ STOP ránṣẹ́ sí 2442. Àtẹ̀jíṣẹ́ ìpolówó náà dáwọ́ dúró. Nígbà tí ilé-iṣẹ́ náà kò dá owó tí wọ́n ti yọ padà lẹ́yìn tí mo ti fi ẹjọ́ sùn wọ́n, mo pe àjọ NCC lórí 622. Owó ìpè náà kì í jẹ mí lápò. Wọ́n béèrè nọ́ńbà ẹ̀sùn mi. Ọpẹ́lọpẹ́ pé mo ti kọ ọ́ sílẹ̀. Láàárín ọ̀sẹ̀ kan, ilé-iṣẹ́ náà fúnra wọn ló pè mí.

Nítorí náà, Ìyá aládìrẹ, mo gbà pẹ̀lú yín lórí àkọsílẹ̀, ṣùgbọ́n mo fẹ́ kí àwọn ọ̀dọ́ mọ̀ pé ẹjọ́ tí a fi nọ́ńbà dì mú lè tún ilé-iṣẹ́ àtijọ́ ṣe. Láti oṣù Kìíní ọdún 2025 tí ìjọba ti fọwọ́ sí i kí wọ́n fi tó ìdá àádọ́ta nínú ọgọ́rùn-ún kún owó ìpè àti dátà, kí ni kò ní jẹ́ ká béèrè ohun tí a san owó fún?

Akẹ́kọ̀ọ́, ọ̀nà Aláàbàtà

Ẹ káàbọ̀ ṣá, ẹ̀yin àgbà. Mo fẹ́ gbé nọ́ńbà mi lọ ní ọ̀sẹ̀ yìí, nítorí ní ilé tí mo gbà lẹ́bàá ilé-ẹ̀kọ́, ojú fèrèsé nìkan ni mo ti ń rí nẹ́tíwọ́ọ̀kì. Mo ti dán méjì wò bí Màmá ṣe sọ. Ẹ jọ̀ọ́ mà, kí ni mo gbọ́dọ̀ mú dání, kí ni mo sì gbọ́dọ̀ ṣọ́ra fún?

Aládìrẹ, Ìtòkú

Ọmọ mi, mú NIN rẹ, ìyẹn nọ́ńbà ìdánimọ̀ ọmọ orílẹ̀-èdè, dání, kí orúkọ tó wà lórí síìmù náà sì jẹ́ tìrẹ. Bó bá jẹ́ pé ẹlòmíràn ló forúkọ sílẹ̀ fún ọ nígbà kan, kọ́kọ́ lọ tún un ṣe. San owó ìpè tí o bá yá lọ́wọ́ wọn padà. Lo káàdì àti dátà tó wà lórí rẹ̀ tán, nítorí wọn kì í bá nọ́ńbà lọ. Èmi pàdánù dátà tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ rà. Mọ̀ pé bí o bá ti lọ, yóò tó àádọ́rùn-ún ọjọ́ kí o tó lè tún lọ sí ibòmíràn, nítorí náà tún àwọn méjèèjì dán wò lẹ́ẹ̀kan sí i, ní alẹ́ tí gbogbo ilé bá ti dé. Má ṣe é lọ́jọ́ tí o bá ń retí owó ilé-ẹ̀kọ́ tàbí nọ́ńbà àṣírí láti báńkì, nítorí wákàtí mélòó kan lè wà tí nọ́ńbà rẹ kò ní ṣiṣẹ́ níbì kankan. Fi síìmù àtijọ́ sílẹ̀ nínú fóònù títí yóò fi kú fúnra rẹ̀, kí o tó fi tuntun sí i.