Ṣé ológbò tí wọ́n bá yọ ilé ọmọ rẹ̀ ṣì ń pa eku?

Ìyá Ẹlẹ́wà Tákíè
Ẹ kú ìrọ̀lẹ́ o, ẹ̀yin ará ilé. Ọ̀rọ̀ ológbò ló gbé mi dé. Ẹ̀wà àti àgbàdo ni mò ń tà ní Ogbómọ̀ṣọ́ níbí, ẹni tó bá sì ta ẹ̀wà rí mọ̀ pé òun àti eku ni wọ́n jọ ni ọjà náà. Lọ́dún tó kọjá wọ́n lu ìdí àpò mẹ́rin fún mi láàrin ọ̀sẹ̀ kan. Ni mo bá lọ gba abo ológbò kan ní Sábó. Wòmílójú ni mo sọ ọ́, nítorí ojú tó fi ń wo àwọn oníbàárà mi bí ẹni tí wọ́n jẹ ní gbèsè.

Wòmílójú mọṣẹ́, mi ò ní purọ́ mọ́ ọn. Àmọ́ ó ti bímọ lẹ́ẹ̀mẹta. Mẹ́rin, márùn-ún, mẹ́rin. Àwọn tá a jọ ń ta àgbàdo ló gba ti àkọ́kọ́. Ti ẹlẹ́ẹ̀kejì, mo bẹ̀bẹ̀ kí n tó rí ẹni gbà wọ́n. Ti ẹlẹ́ẹ̀kẹta yìí, kò sẹ́ni tó dá mi lóhùn. Ẹnì kan tiẹ̀ ní òun ò lè gbé ológbò dúdú wọlé ọkọ òun. Lánàá ni ọmọ tó ń bá mi tajà kó méjì sínú páálí, ó fẹ́ lọ jù wọ́n sí ààtàn. Mo gbà wọ́n lọ́wọ́ rẹ̀. Abẹ́ káńtà ni wọ́n wà báyìí.

Dókítà ẹran kan ní kí n gbé ìyá wọn wá kí òun yọ ilé ọmọ rẹ̀, ₦30,000. Ìyá ọkọ mi gbọ́. Wọ́n ní ta ni mí tí màá fi sé ohun tí Ọlọ́run ò sé nínú, pé kò sì ní pa eku mọ́, á kàn máa jẹ, á máa sùn. Ti ẹ̀ṣẹ̀, èmi àti Ọlọ́run á jọ sọ ọ́. Ti eku ni mò ń bèèrè.

Bàbá Tanímọ̀la
Ẹ kú ọjà, mà. Ti ajá ni mo mọ̀. Akọ ni Tanímọ̀la mi. Bí abo kan bá ti ń wá akọ ní àdúgbò, ó máa fo ògiri ni, ó lè tó ọjọ́ mẹ́ta kó tó wálé. Ìgbà kan ló dé, ẹ̀jẹ̀ ń kán lójú okó rẹ̀. Kókó pupa kan ló yọ síbẹ̀. Dókítà ní ara ajá tó gùn ló ti kó o. Abẹ́rẹ́ ọ̀sẹ̀ọ̀sẹ̀ ni wọ́n ń gún un, márùn-ún ló gbà, owó rẹ̀ sì ju ti iṣẹ́ abẹ lọ. Nígbà tó sàn tán ni mo ní kí wọ́n tẹ̀ ẹ́ lọ́dàá.

Ó ṣì ń gbó o. Àlejò ò lè wọlé mi láì pariwo orúkọ mi. Ṣùgbọ́n kí wọ́n tó sọ fún mi pé akọ lè ṣì fún abo lóyún fún ọ̀sẹ̀ díẹ̀ lẹ́yìn ìtẹ̀lọ́dàá, ó ti fún ajá aládùúgbò mi lóyún. Mo san owó ọmọ ajá.

Àlàó
Ológbò ń bímọ, ọkọ̀ ń pa díẹ̀, bó ṣe wà láti ayébáyé nìyẹn. ₦30,000 kẹ̀? Ẹ fi ra májèlé eku.

Ìyá Ẹlẹ́wà Tákíè
Àlàó, májèlé nínú ẹ̀wà tí èèyàn máa sè jẹ? Mi ò bá yín jà. Òbúkọ tí ẹ ń tẹ̀ lọ́dàá kó lè sanra, ta ni ẹ kọ́kọ́ bi?

Ọmọ Ẹlẹ́ran
Ẹ kú àtirí, mà. Iṣẹ́ ìwòsàn ẹranko ni mo kọ́ ní Yunifásítì Ìbàdàn. Ọdẹ ò sí nínú ilé ọmọ. Wòmílójú á máa pa eku lọ. Ohun tó ń sọ wọ́n di ọ̀lẹ ni oúnjẹ: lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ, ìwọ̀nba tó ń jẹ tẹ́lẹ̀ á ti pọ̀ jù fún un, ẹ̀yin á sì máa bu ẹja sí i nítorí àánú. Ẹ dín in kù.

Oyún ológbò ò ju bí ọ̀sẹ̀ mẹ́sàn-án lọ, ó sì lè gba òmíràn nígbà tó ṣì ń fọ́mọ lọ́mú. Àwọn tó wà lábẹ́ káńtà yẹn náà, bí abo bá wà nínú wọn, wọ́n lè máa wá akọ kí wọ́n tó pé oṣù mẹ́fà. Nítorí náà ẹ tì í mọ́lé, ẹ gba ọmú lẹ́nu àwọn ọmọ, kí ọmú rẹ̀ gbẹ díẹ̀, kí ẹ tó gbé e lọ. Ẹ má fún un lóúnjẹ láti alẹ́ ọjọ́ tó ṣáájú, kó má baà bì nígbà tí abẹ́rẹ́ oorun bá gbé e. Ọjọ́ 10 sí 14 ni wọ́n á tú okùn egbò. Ẹ má jẹ́ kí eruku ṣọ́ọ̀bù kàn án.

Bó bá sì ń ké, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fún un ní Panadol. Ìdajì hóró kan lè pa ológbò.

Ìyá Ẹlẹ́wà Tákíè
Mo ti ṣe é o. Ọ̀sẹ̀ márùn-ún rèé. Nígbà tí mo tì í mọ́lé, eku lu àpò oloyin kan fún mi, ẹkún fẹ́rẹ̀ẹ́ bọ́ lójú mi. Ṣùgbọ́n lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun ó pa méjì, ó tò wọ́n sẹ́nu ọ̀nà. Mo pe ìyá ọkọ mi kí wọ́n wá wò ó. Wọ́n ní eku tó ti darúgbó ni.

Ọmọ rẹ̀ kan ló ṣẹ́kù. Akọ ni, ẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì iwájú funfun. Ẹni tó bá fẹ́ ẹ kó pè mí kí ọjà tó tú.