Ogún ni, kì í ṣe ogun: lórí "àrùn ajogun"

Ẹ̀yin ará,

Ẹ kú ojúmọ́. Ọ̀rọ̀ tí ẹ̀gbọ́n wa láti Ìkòròdú gbé síta lánàá, "àrùn ajogun", fún ewu tó wà nínú ẹ̀jẹ̀ àwọn kan pé kí àtọ̀gbẹ ba iwe wọn, ìyẹn kíndìnrín, jẹ́, n ò lè gbà á. Wọn ò tilẹ̀ fi àmì sí i! Mo kà á sókè ní Ẹ̀pẹ́, létí àǹtí mi tó ń ta ẹja lọ́jà Olúwo. Àtọ̀gbẹ ti ń bá a fínra ọjọ́ ti pẹ́. Ìtọ̀ rẹ̀ ti ń hó bí ọṣẹ, nọ́ọ̀sì sì ní asẹ́ inú iwe ló ti ń jò. Bí mo ṣe pe "ajogun", ọ̀bẹ dúró lọ́rùn ẹja ọ̀bọ̀kún. "Ta ló rán an sí mi?"

Ṣé ẹ rí i? Ajogun, àwọn agbára ibi tó ń bá èèyàn jà, ni ikú, òfò, ẹ̀gbà àti ẹgbẹ́ wọn, àrùn pàápàá ti wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀. Bó bá jẹ́ àjogún, à-jẹ-ogún, ló wà lọ́kàn ẹ̀gbọ́n, kí wọ́n rẹ ohùn àkọ́kọ́ sílẹ̀, kí wọ́n sì gbé ohùn ìparí yẹn sókè.

Ká tiẹ̀ ní wọ́n fàmì sí i, "àrùn" gan-an ló ń bí mi nínú. Ìyàtọ̀ lèèyàn ń jogún. Ẹ wo APOL1, àbùdá (gene) kan tí wọ́n ròyìn àwọn oríṣi rẹ̀ tó kan iwe lọ́dún 2010. Oríṣi rẹ̀ kan tí wọ́n ń pè ní G1 wọ́pọ̀ gan-an láàárín àwa Yorùbá. Èkejì ni G2. Àwọn oríṣi wọ̀nyí ní ipa lórí kòkòrò tí eṣinṣin tsetse ń gbé kiri, èyí tó lè mú èèyàn sùn títí tó fi kú. Àmọ́ ẹni tó gbà lọ́wọ́ bàbá tó tún gbà lọ́wọ́ ìyá, bí iwe rẹ̀ bá ti ń ṣàìsàn, kíákíá ló máa ń burú sí i, ìbáà ṣe alátọ̀gbẹ, ìbáà má ṣe. Síbẹ̀, ọ̀pọ̀ nínú wọn ni iwe ò ní dà láàmú títí ayé. Ṣé èyí lẹ ń pè ní àrùn? Nílẹ̀ tí wọ́n ti ń torí wárápá àti ẹ̀tẹ̀ wádìí ìdílé kí wọ́n tó fọmọ fún ọkọ?

"Ìyàtọ̀ àjogúnbá" ni tèmi. Ẹni tó ní ká pè é ní "àyípadà àbùdá", kí ló yí padà? Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n bí i.

Àwọn tó ní ká máa lo kíndìnrín dípò iwe, kó má bàa dà pọ̀ mọ́ iwe adìẹ: iwe ni bàbá mi ń pe méjèèjì, ohùn àárín lọ́nà méjì, kò sì ṣì í jẹ rí.

Àǹtí mi tún pè mí lálẹ́. Ọwọ́ ta lòun ti jogún ìyàtọ̀ yẹn, ìyá ni àbí bàbá? Mo ní wọn ò tíì yẹ̀ ẹ́ wò, ṣùgbọ́n bó bá jẹ́ méjì ló ní, ọwọ́ àwọn méjèèjì ni. Ó ní kí n má jẹ̀ẹ́ kí àwọn ẹbí bàbá òun gbọ́.