Ẹ gbà mí o, sáùn wo ló yẹ GTI?

Ọmọ Mọ́níyà
Ẹ̀yin ará ilé, ẹ kú iṣẹ́ o. Inú ló ń bí mi. Lóṣù Kẹta ni mo ra Golf GTI ọdún 2010, tòkunbọ̀, mọ́tò tó ń fò bí àwòdì. Ìyàwó mi ò tíì dárí owó ẹ̀ jì mí, àmọ́ ẹjọ́ ọjọ́ mìíràn nìyẹn. Réwáyà kan ní Gate gbé sípíkà tuntun sí gbogbo ilẹ̀kùn, ámpù kan tó ń fún wọn lágbára, àti wúfà (sípíkà béèsì) íǹṣì 12 méjì nínú àpótí. Àpótí yẹn wúwo tó àpò sìmẹ́ńtì! Bùútù ti kún. Nígbà tá à ń lọ síbi òkú ní Ìsẹ́yìn, orí itan ìyàwó mi ni kúlà oúnjẹ wà títí a fi dé. Mo wá fi fújì Barrister sí i, béèsì ò jáde rárá tá a bá ń sáré. Tá a bá dúró, ó dùn bí oyin. Tá a bá ti bọ́ sí márosẹ̀ báyìí, gbogbo ẹ̀ á dà wọ̀ọ̀. Réwáyà ní kí n ra wúfà kẹta! Ẹ jọ̀ọ́, kí ni kí n rà? Owó ò sí lọ́wọ́ mọ́ o.

Kọ́lá Wáyà
Ẹ ò dárúkọ ámpù, ẹ ò sọ irú wáyà, ẹ fẹ́ ká fi ọ̀pẹ̀lẹ̀ wò ó ni? Ẹ fi "3000 watts" tí wọ́n kọ gàdàgbà sára páálí sílẹ̀, RMS, ìyẹn agbára tí ámpù lè máa gbé jáde láìdáwọ́ dúró, ni kẹ́ ẹ wò. Ámpù tó bá gbé wáàtì RMS 500 jáde lóòótọ́ á fa bíi ámpíà 50. Fíúsì ńkọ́? Kò gbọ́dọ̀ jìnnà sí bátìrì ju ẹsẹ̀ bàtà kan àbọ̀ lọ.

Ìyá Àdùkẹ́
Fíúsì tẹ́ ẹ sọ yẹn! Ti ọkọ mi ò ní in, orí Third Mainland la wà tí abẹ́ káríẹ́ẹ̀tì bẹ̀rẹ̀ sí í rùn bí ike jíjó. Ọmọ méjì wà lẹ́yìn. Láti ọjọ́ náà, rédíò inú fóònù là ń gbọ́. Àbúrò, ẹ fowó yẹn ra ìrẹsì.

Ẹ̀gbọ́n Tọ́bò
Wúfà íǹṣì 8 kan ṣoṣo lábẹ́ ìjókòó ti tó. Ta ló ń di sìmẹ́ńtì sẹ́yìn mọ́tò eré?

Ọmọ Alábà
Ẹ̀gbọ́n, ẹ má bínú, abẹ́ ìjókòó kọ́ ni béèsì ń gbé. Íǹṣì 12 ni.

Ẹ̀gbọ́n Tọ́bò
Ìwọ tó ń tà á, kí lo tún fẹ́ sọ?

Ọmọ Mọ́níyà
Ẹ ṣé o. Wáyà nípọn bí ìka mi, fíúsì wà níbẹ̀. Ìyá Àdùkẹ́, ìyàwó mi ti bá mi wí tó, ẹ ṣàánú mi. Orin lágbára, béèsì ló ń pòórá tí ẹ́ńjìnì bá ti ń yí tó ìgbà 3000 ní ìṣẹ́jú kan. Wẹ́dà tó gé sàìlẹ́ńsà ṣáà ní etí wa máa mọ́ ọn lára.

Kọ́lá Wáyà
Ẹ dúró ná. Wẹ́dà wo?

Ọmọ Mọ́níyà
Mo ní kó yọ sàìlẹ́ńsà, kí mọ́tò lè máa bú bíi kìnnìún. Ṣáájú kí n tó gbé sáùn sí i ni. Kí ló kan orin níbẹ̀?

Kọ́lá Wáyà
Yéè! Ẹ́ńjìnì sílíńdà 4 tó ń yí nígbà 3000 láàárín ìṣẹ́jú kan, ìgbà 100 ló ń bú ní ìṣẹ́jú-àáyá kọ̀ọ̀kan. Hertz 100 nìyẹn, àárín béèsì gan-an. Ọ̀pá èéfín yín ló ń bo ohùn Barrister mọ́lẹ̀! Kẹ́ ẹ to ogún wúfà síbẹ̀, ariwo lẹ kàn fi ń bá ariwo jà. Ẹ dá sàìlẹ́ńsà padà kẹ́ ẹ tó ná kọ́bọ̀ sí i. Lẹ́yìn náà, ẹ fi rọ́bà tó ń pa ariwo lẹ inú ilẹ̀kùn, kẹ́ ẹ wá tún orin gbọ́.

Ọmọ Alábà
Mo ṣáà sọ pé wúfà ò lẹ́ṣẹ̀.

Ìyá Àdùkẹ́
Ìyàwó yín mọ̀ pé ẹ gé e?

Ọmọ Mọ́níyà
Ó rò pé bí wọ́n ṣe ṣe é ní Jámánì nìyẹn. Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ pe wẹ́dà, ó ní òun ti tà á fún àwọn tó ń ra irin àlòkù. Ta ló mọ ṣọ́ọ̀bù tí wọ́n ti ń ta tòkunbọ̀ ẹ̀ ní Gate?