Báwo ni mo ṣe lè fi àjákù aṣọ àti bọ́tìnì ránṣẹ́ sí Abẹ́òkúta?

Ẹ̀yin ará mi, ẹ kú iṣẹ́ o. Peckham ní Lọ́ńdọ̀nù ni mò ń gbé. Àwọn télọ̀ àdúgbò wa ti fún mi ní àjákù léèsì àti àǹkárá, síìpù, bọ́tìnì, ó ti kún dúrọ́ọ̀mù méjì. Àwọn obìnrin tó ń rán báàgì alábùlẹ̀ ní Ìtòkú, l'Abẹ́òkúta, ni mo fẹ́ kó wọn fún, lọ́fẹ̀ẹ́ ni.

Kọ́sítọ́ọ̀mù ló ń bà mí lẹ́rù. Ìjọba Nàìjíríà kò gbà kí wọ́n kó òkìríkà wọlé, àjákù tèmi sì lè jọ ọ́ lójú ẹni tó bá ṣí i. Lọ́dún tó kọjá, ẹrù mi kan pẹ́ ní èbúté Àpápá débi pé owó ìpamọ́ ju owó ọkọ̀ lọ. Bọ́tìnì lásán o!

Ẹni tó bá ti fi irú ẹ̀ ránṣẹ́ rí, ẹ jọ̀ọ́, kí lẹ kọ sínú ìwé ẹrù? Ṣé kí n kó bọ́tìnì àti síìpù nìkan lọ ni? Léèsì aláwọ̀ ewé kan wà níbẹ̀, kò ju àtẹ́lẹwọ́ lọ, òkúta wẹ́wẹ́ ṣì ń dán lára ẹ̀. Mi ò fẹ́ dà á nù.