Re: LVAD kì í ṣe "ọkàn àtọwọ́dá" o

Ẹ kú iṣẹ́ o ẹ̀yin ará. Ẹ̀gbọ́n tó ní tá a bá ń túmọ̀ sí Yorùbá, ká máa pe LVAD, ìyẹn pọ́ǹpù tí wọ́n ń fi ran ọkàn tí ò lágbára mọ́ lọ́wọ́, ní "ọkàn àtọwọ́dá", ẹ má bínú sí mi, mi ò gbà. Ọkàn àtọwọ́dá ni wọ́n ń fi sípò ọkàn tí wọ́n ti yọ, àmọ́ ẹni tó ní LVAD, ọkàn ẹ̀ ṣì wà láyà ẹ̀, pọ́ǹpù yẹn kàn ń bá a fa ẹ̀jẹ̀ látinú yàrá òsì ọkàn náà ni, ó ń tì í sínú iṣan ńlá tó ń pín in káàkiri ara. Ọkàn tiẹ̀ gan-an ni wọ́n sì ń wò tí wọ́n bá gbé skáànù lé e láyà. Ẹnì kan ní "olùrànlọ́wọ́ ọkàn", ìtumọ̀ ẹ̀ péye, àmọ́ ní ilé wa orin ìyìn ni wọ́n máa rò pé mo fẹ́ dá. Ẹ jẹ́ ká sọ pé pọ́ǹpù ọkàn.

Skáànù yẹn náà, "gbohùngbohùn ọkàn" wù mí ju "àwòrán olóhùn" lọ, torí ìró tétí ò lè gbọ́ ló ń rán wọlé, tó ń ta padà, tí wọ́n wá ń fi ya àwòrán.

Èyí tó ká mi lára jù ni ìdánwò tí wọ́n fi ń mọ̀ bóyá ẹ̀jẹ̀ ti dì nínú pọ́ǹpù. Wọ́n á máa fi kún eré ẹ̀, HeartMate II, tó jẹ́ irú LVAD kan, lè bẹ̀rẹ̀ láti 8,000 yíyí ní ìṣẹ́jú kan, wọ́n á máa fi 400 kún un lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan, ó lè dé 12,000, wọ́n á máa fi skáànù wo yàrá òsì yẹn. Ó yẹ kí yàrá náà máa kéré sí i bí eré ṣe ń pọ̀ sí i, tí ò bá kéré, àfàìmọ̀ kẹ́jẹ̀ má ti dì. Mo fẹ́ pè é ní "ìdánwò àtẹ̀gùn", àmọ́ ta ló ń fi àmì ohùn sórí ọ̀rọ̀ lórí fóònù, wọ́n á kà á sí atẹ́gùn. Ìdánwò onípele ni mo fara mọ́.

Ọ̀kan ṣì kù tí mi ò rí ọ̀rọ̀ fún. Ọ̀pọ̀ àwọn tó ní LVAD, tẹ́ ẹ bá di ọrùn ọwọ́ wọn mú, ẹ ò ní gbọ́ kí iṣan lù, torí pọ́ǹpù yẹn ń ti ẹ̀jẹ̀ láìdúró, Doppler, ẹ̀rọ tó ń fi ìró mọ bí ẹ̀jẹ̀ ṣe ń ṣàn, ni wọ́n fi ń wọn ìfúnpá ẹ̀jẹ̀ wọn. Ẹ sọ fún ẹbí pé "iṣan ẹ̀ ò lù", ẹkún ló máa sọ, bẹ́ẹ̀ ẹni náà jókòó tó ń jẹun. Ṣé ká sọ pé ẹ̀jẹ̀ ẹ̀ "ń ṣàn geere"? Ẹ bá mi yẹ̀ ẹ́ wò.